EWÚRẸ́ JẸ, Ó RELÉ: KÍ LÓ JẸ KÓ TÓ DÉLÉ?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Àwọn àgbà ló ní ewúrẹ́ jẹ, ó relé; àgùntàn jẹ, ó relé; à-jẹ-ì-wálé ló ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Òwe gidi ni, ó sì yẹ ewúrẹ́ láyé àtijọ́, nígbà tó jẹ́ pé ewé àti koríko ló kún ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ní Bàrígà, ní Ṣómólú, àti ní Akọka tiwa yìí, ewúrẹ́ tó jáde láàárọ̀ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé nírọ̀lẹ́, kó sì ti gbé ikú bọ̀ nínú.

Ọ̀rọ̀ owó ló mú kí n kọ nǹkan lórí èyí lóṣù yìí. Bí Iléyá bá ń bọ̀, tàbí tí Kérésìmesì bá ku díẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa máa ń wá yá owó láti fi ra ewúrẹ́ méjì-mẹ́ta, tàbí òbúkọ tí wọ́n fẹ́ bọ́ kó sanra kí wọ́n tó tà á. Owó tí à ń yá wọn yìí, owó gbogbo wa ni. Owó tí ẹlẹ́ja dá wà níbẹ̀, tí aláta dá wà níbẹ̀, tí aránṣọ dá wà níbẹ̀. Ẹran tó bá kú mọ́ni lọ́wọ́ kì í kú pẹ̀lú gbèsè rẹ̀. Ẹran á lọ, gbèsè á kù.

Bí mo bá sì bi ẹni tí ẹran rẹ̀ kú léèrè, èsì kan náà ni mo sábà ń gbọ́: “Akọ̀wé, ó ń jẹun dáadáa o! Àná gan-an ló jẹun yó.” Èsì yẹn gan-an ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ó jẹun yó. Kí ló jẹ?

INÚ EWÚRẸ́ KÒ DÀ BÍ INÚ WA

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ẹran mọ èyí jù mí lọ: àpò mẹ́rin ló wà nínú ewúrẹ́, èyí tó sì tóbi jù níbẹ̀ ni à ń pè ní ṣàkì. Oúnjẹ tí ewúrẹ́ bá gbé mì, inú ṣàkì ló kọ́kọ́ ń lọ. Á wà níbẹ̀, á máa hó díẹ̀díẹ̀ bí ògì tó ń kan. Tó bá yá, ewúrẹ́ á dùbúlẹ̀, á pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu, á máa jẹ àpọ̀jẹ. Nínú ṣàkì yìí ni àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń gbé, wọn kò sì lóǹkà. Àwọn ló ń sọ ewé àti èèpo tí èèyàn kò lè jẹ di ẹran àti wàrà. Nítorí náà, bí a bá ń bọ́ ewúrẹ́, àwọn kòkòrò yìí la kọ́kọ́ ń bọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Igi kan wà tí wọ́n ń pè ní Leucaena. Ewé rẹ̀ dára fún ẹran, ṣùgbọ́n oró kan wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, màlúù tó bá jẹ ẹ́ jù, irun ara rẹ̀ á máa já, ọrùn rẹ̀ á sì wú bí ti onígẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù Hawaii, àwọn ewúrẹ́ ń jẹ ewé kan náà, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Raymond Jones ní, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé kòkòrò inú ṣàkì wọn ló yàtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n bu omi inú ṣàkì ewúrẹ́ Hawaii, wọ́n gbé e lọ sí Ọsirélíà, wọ́n fi sínú ẹran tiwọn níbẹ̀, oró náà kò sì rí wọn gbé ṣe mọ́. Ní 1992 ni wọ́n sọ kòkòrò náà lórúkọ, Synergistes jonesii, tí wọ́n fi rántí ọ̀gbẹ́ni yìí.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní irú kòkòrò tó mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ di ara. Bí ẹ bá yí oúnjẹ ewúrẹ́ padà lójijì, àwọn kòkòrò tuntun kò tíì pọ̀ tó, inú rẹ̀ á dàrú. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni kí ẹ fi yí i padà, kí ẹ máa dín ti àtijọ́ kù, kí ẹ máa fi tuntun kún un díẹ̀díẹ̀.

OHUN TÓ Ń PA ẸRAN WA LÁDÙÚGBÒ

Ìkíní ni ọ̀rá, èyí tí à ń pè ní náílọ́ọ̀nù. Ọ̀rá tí iyọ̀ tàbí òróró àkàrà bá wà lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ ló ń fa ewúrẹ́. Á gbé e mì mọ́ oúnjẹ. Àwọn kòkòrò inú ṣàkì kò lè fi ọ̀rá ṣe nǹkan kan. Kò ní jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rọrùn fún un láti bá ìgbẹ́ jáde. Á máa pọ̀ sí i, á máa wé mọ́ra wọn bí òṣùká, títí àyè oúnjẹ á fi tán nínú ẹran náà. Irú ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ máa rí tí ikùn rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀ tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ síta. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó lóyún. Kò sí àgbo tó lè yọ́ ọ. Dókítà ẹran nìkan ló lè la ikùn náà kó fà á jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun fòfin de àwo fóòmù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ìjọba kò lè bá wa so ewúrẹ́ wa mọ́lẹ̀. Ẹran tó bá ń rìn káàkiri ojú gọ́tà, kò sí bí kò ṣe ní jẹ ọ̀rá.

Ìkejì ni àjẹkì. Ewúrẹ́ já sínú àpò àgbàdo tàbí gàrí. Tàbí kẹ̀, wọ́n ṣe ìnáwó ládùúgbò, wọ́n kó ìrẹsì àti ẹbà tó ṣẹ́kù dà sílẹ̀ fún un. Inú wa á dùn pé ẹran rí jẹ. Kò yé wa pé oúnjẹ ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀, tó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wéré ló ń kan nínú ṣàkì. Kíkan náà á pọ̀ débi pé á pa àwọn kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹran á wú, á máa wa eyín pọ̀, á dùbúlẹ̀, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí ẹ bá ká ewúrẹ́ mọ́ ìdí àpò, ẹ kó oúnjẹ náà kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ fún un ní koríko gbígbẹ nìkan, kí ẹ sì pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi tipátipá da epo sí ẹran tó ti dùbúlẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ.

Ìkẹta ni oúnjẹ tó ti bu, àti èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Èèpo ẹ̀gẹ́ ní oró nínú ju ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ kí ẹ tó fún ẹran, kí ẹ sì sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí tí a bá wọ́ jọ pẹ̀lú omi lára rẹ̀ á bu, èbu náà tún ní oró tirẹ̀.

ÈÈPO Ń YÓ ẸRAN, EWÉ Ń MÚ UN DÀGBÀ

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí oúnjẹ ewúrẹ́ ní àdúgbò wa. Ẹ wo ìdí bọ̀ọ̀lì lójú ọ̀nà Yunifásítì ní Akọka. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà níbẹ̀ ńlẹ̀. Ẹ wo oníyán àti oní-dùndú, èèpo iṣu. Alákàrà àti oní-mọ́ínmọ́ín ń da èèpo ẹ̀wà nù, ológì ń da eèrí nù. Lásìkò òjò, háhá àgbàdo kún ilẹ̀ bí ìdọ̀tí. Gbogbo wọn ni ewúrẹ́ ń jẹ, gbogbo wọn la sì ń sanwó fún akólẹ̀ láti kó dànù.

Ṣùgbọ́n èèpo nìkan kò tó. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèpo ẹ̀gẹ́, afúnnilágbára ló pọ̀ jù nínú wọn. Èròjà amúnidàgbà inú èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kò ju bíi 5 lọ nínú 100, bẹ́ẹ̀ àwọn kòkòrò inú ṣàkì fẹ́ tó 7 tàbí 8 kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ìdí nìyẹn tí ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo lójoojúmọ́ fi lè máa yó, kó má sì dàgbà. Ibo la ó ti rí ìyókù? Inú ewé ni. Ewé àgúnmániyè ní amúnidàgbà tó lé ní 20 nínú 100.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ èyí wò nítòsí wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àjọ kan tó ń rí sí ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, ILCA, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Addis Ababa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọgbà IITA ní Ìbàdàn. Láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n bá àwọn àgbẹ̀ ní abúlé ẹ̀bá Ọ̀yọ́ gbin àgúnmániyè àti Leucaena ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n sì gbin ọkà sí àárín rẹ̀. Wọ́n ń gé ewé náà, wọ́n ń fi apá kan ṣe ajílẹ̀, wọ́n ń fi apá kan bọ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn. Láti 1994 ni wọ́n ti da ILCA pọ̀ mọ́ àjọ mìíràn tó wà ní Nairobi, tó di ILRI. Àwọn ILRI àti IITA yìí náà ló tún padà sórí èèpo ẹ̀gẹ́ ní Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 2015. Wọ́n ní kí a lọ̀ ọ́, kí a fún omi rẹ̀ dànù bí ẹni fẹ́ ṣe gàrí, kí a kù ú, kí a wá sá a. Èyí tó ń gba ọjọ́ méjì-mẹ́ta kó tó gbẹ á gbẹ láàárín ọjọ́ kan, kò sì ní ráyè bu. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan èyí tó gbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìbátan tó ń ṣe gàrí ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ náà ló lè lọ èèpo.

Ewúrẹ́ tí kò jẹ àgúnmániyè rí lè kọ̀ ọ́ nítorí òórùn rẹ̀. Ẹ gé e sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kó rọ, á jẹ ẹ́. Ewé ìyeyè, ewé ọdán, ewé máńgòrò náà wúlò, ìyeyè ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Ẹ yẹra fún ewé lápálápá. Ẹ má gé koríko tí wọ́n ti fín oògùn sí, tàbí ti ẹ̀gbẹ́ mẹkáníìkì tí ọ́ìlì ti dà sí. Ẹni tí kò bá rí ewé tútù lè ra harawá, ìyẹn ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń dì ní ìdì, tàbí kó po èèpo ẹ̀wà àti eèrí mọ́ èèpo iṣu. Èérún ẹkùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró inú rẹ̀ náà dára, díẹ̀díẹ̀.

ÌWỌ̀N RẸ̀

Ewúrẹ́ kúkúrú tiwa yìí, èyí tó dàgbà sábà máa ń wọn kílò 20 sí 30. Ewúrẹ́ kílò 20 fẹ́ oúnjẹ tó tó gíráàmù 600 sí 800 lójúmọ́, bí a bá yọ omi inú oúnjẹ náà kúrò. Ẹ lè ṣe é báyìí: ewé tútù kílò kan ààbọ̀, èèpo gbígbẹ gíráàmù 300, àti ẹ̀kúnwọ́ eèrí kan. Ẹ pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹ so ewé kọ́ sókè tàbí kí ẹ kó o sínú agbada. Ewúrẹ́ kì í fẹ́ jẹ ohun tó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ibi ilẹ̀ náà sì ni ẹyin aràn wà. Omi mímọ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí iyọ̀ díẹ̀ sì wà tó lè máa lá.

Bí ẹran bá ń jẹ irú oúnjẹ yìí tó ṣì ń rù, ẹ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀. Ó yẹ kó pọ́n. Bó bá funfun, aràn ló ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará South Africa ti ṣe káàdì aláwọ̀ fún èyí, FAMACHA ni wọ́n ń pè é.

ABOYÚN, ỌMỌ TUNTUN ÀTI ÒBÚKỌ ỌDÚN

Oṣù márùn-ún, bí 150 ọjọ́, ni ewúrẹ́ fi ń lóyún, tiwa sì sábà máa ń bí ìbejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kẹ́yìn ni ọmọ ń dàgbà jù, ìgbà náà sì ni ọmọ ń gba àyè mọ́ oúnjẹ nínú ìyá. Oúnjẹ tó dára, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́rin lóòjọ́, ni kí ẹ fún un. Bí kò bá rí i jẹ, ara rẹ̀ ni á máa jẹ, á dùbúlẹ̀, kò ní lè dìde.

Bó bá bímọ, ẹ rí i pé ọmọ mu omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó nípọn, láàárín wákàtí kìíní sí ìkejì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ ló yẹ kó mu kí ọjọ́ kan tó pé. Inú omi ọmú yìí ni agbára tó fi ń kọ àìsàn wà. Ẹ má fún un dànù pé ó dọ̀tí.

Òbúkọ tí a fẹ́ tà lọ́dún ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi eèrí àlìkámà àti àgbàdo bọ́ láìfi ewé sí i. Á sanra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń di òkúta wẹ́wẹ́ lójú ọ̀nà ìtọ̀ akọ, pàápàá èyí tí a tẹ̀ lọ́dàá nígbà tó kéré. Bí òbúkọ bá ń rin, tó ń ké, tí ìtọ̀ ń kán tó-tó-tó tàbí tí kò jáde rárá, ẹ má rò pé ìgbẹ́ ló ń gbẹ ẹ́. Dókítà lọ́jọ́ náà! Ewé, omi púpọ̀ àti iyọ̀ ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

ẸRAN TÍ A ṢẸ̀ṢẸ̀ RÀ

Ewúrẹ́ pupa Ṣókótó tó ń wọ ọkọ̀ láti òkè Ọya wá sí ọjà Kára yàtọ̀ sí tiwa. Ilẹ̀ gbígbẹ ló ti wá, ó lè ti rin ọjọ́ méjì láìrí omi, kò sì lè gba ìjàǹbá eṣinṣin tsetse bíi ewúrẹ́ kúkúrú wa. Bó bá délé, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, lẹ́yìn náà harawá tàbí koríko gbígbẹ. Ẹ má fi àgbàdo kí i káàbọ̀. Ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, nítorí kàtá.

Kàtá yìí ni àwọn dókítà ń pè ní PPR: ibà, ikun imú, ipin ojú, egbò ẹnu àti ìgbẹ́ gbuuru. Oúnjẹ dáadáa kò lè dí i lọ́nà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Orílẹ̀-èdè wa níbí ni wọ́n ti rí kòkòrò tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ náà ní 1975, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Nigeria 75/1 káàkiri ayé. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ní Vom, lẹ́bàá Jos, ń ṣe é. Ó máa tini lójú kí ewúrẹ́ Bàrígà máa kú nítorí abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ wa.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò, kí ẹ lè ti máa rò ó sílẹ̀.

Èkíní, kí àwa tí à ń sin ẹran fún àwọn oníbọ̀ọ̀lì, alákàrà àti ológì ní báàkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa da èèpo sí i lọ́tọ̀, láìsí ọ̀rá nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Ẹni tó ń da èèpo nù lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó díẹ̀ lórí rẹ̀.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ máa ra harawá àti èérún ẹkùrọ́ ní ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a pín in ní iye tí a rà á, kí ẹni tó sì ní ilẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ gé igi àgúnmániyè kó fi ṣe ọgbà yí ilẹ̀ rẹ̀ ká nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Igi náà kì í fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀. Bí a bá gé ewé rẹ̀, á tún hù.

Ẹ̀kẹta ni pé, kí a tó yá ẹnikẹ́ni lówó ẹran, kí ìgbìmọ̀ bi í léèrè ìbéèrè mẹ́ta: Níbo lo máa so ó mọ́? Kí ni yóò máa jẹ? Ṣé o ti mú owó abẹ́rẹ́ àti owó oúnjẹ mọ́ iye tó o fẹ́ yá? Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní à ń le koko. Ẹ forí jì wá. Ẹni tó bá yá owó ẹran nìkan láìyá owó oúnjẹ rẹ̀, ìdajì ẹran ló rà.

Àgbà kì í wà nílé kí ewúrẹ́ bímọ sórí ìso. Owó wa ló wà lọ́rùn àwọn ẹran wọ̀nyí. Ẹ so wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ fún wọn ní èèpo, ẹ fún wọn ní ewé, ẹ fún wọn ní omi. Ká pàdé ní ìpàdé gbogbogbòò, ẹni tó bá ní ìrírí tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó mú un bọ̀. Ire ni o.